Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ owó ọbẹ̀, kí n tó máa tẹ fóònù yá owó

Tíṣà_Mọ́nìyà (9 Oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún nílé ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Mọ́nìyà ni mò ń gbé, iléèwé aládàáni kan lápá Ring Road n'Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe tíṣà. 48,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. (Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ 70,000 tí ìjọba buwọ́ lù lóṣù keje. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwa.) Nígbà tí epo bẹntiróòlù ṣì wà ní nǹkan bí 190, ọkọ̀ méjì ni mò ń wọ̀ lọ, méjì ni mò ń wọ̀ bọ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju 500 lọ. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, 29 Oṣù Karùn-ún 2023, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, àwọn onímọ́tò fowó lé e. Wọ́n tún fowó lé e lóṣù keje. Oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, wọ́n tún fi lé e. Ní báyìí 1,400 ni lójúmọ́. Ọjọ́ méjìlélógún ni mò ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù. Ẹ ṣírò ẹ̀: 30,800. Ohun tó kù, 17,200, òun ni oúnjẹ, òun ni gáàsì, òun ni owó iléèwé ọmọ méjì. Wẹ́dà ni ọkọ mi. Tí kò bá síná, jẹnẹrétọ̀ ló fi ń jórin, àwọn tó ń ṣe géètì sì ti dín kù.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, 600 náírà ló wà nínú pọ́ọ̀sì mi, ẹ̀wà àná tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ò lè yó ọmọ méjì. Mo ṣí áàpù ayánilówó kan lórí fóònù, mo tẹ 20,000. Kí n tó fọnu tán, owó ti wọlé: 17,000. Wọ́n ti yọ 3,000 tiwọn níwájú. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, kí n san 22,000.

Mo san án o. Owó oṣù wọlé, mo yọ 22,000 fún wọn, ó ku 26,000. Owó ọkọ̀ nígbà yẹn ṣì jẹ́ 1,200 lójúmọ́, ìyẹn 26,400. Ẹ rí i? Ó fi 400 dín, a ò tíì jẹun. Oṣù ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí mo ti wọ gbèsè rẹ̀. Mo bá lọ sórí áàpù kejì. Mẹ́rin ni wọ́n báyìí, àpapọ̀ ẹ̀ 118,000. Ọkọ mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé wa, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé olè ni mí.

Kí ni kí n ṣe?

Òótọ́_Kòrò

Àǹtí, ẹ má bínú, òótọ́ kòrò. Kì í ṣe epo ló jẹ yín, aṣọ ẹbí ni. Àwọn obìnrin wa ò lè rí páálí ìpè kí wọ́n má dáhùn. Epo wọ́n lọ́dún 2012 náà, láti 65 sí 141. A pariwo, wọ́n dá a padà sí 97, ayé ò parẹ́.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Ìwọ Òótọ́ Kòrò, kò burú. Ẹni tí 17,200 ṣẹ́kù fún lóṣù, aṣọ ẹbí wo ló máa rà níbẹ̀? Ẹnu rẹ náà lo fi sọ ọ́ pé wọ́n dá ti 2012 padà. Èyí tó wà lọ́rùn wa yìí, ta ló dá a padà?

Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Bódìjà, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún. Mo fẹ́ kí Tíṣà mọ̀ pé gbèsè náà ò mọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹja wa, òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 ṣáájú kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá ti kọjá 1,600. Fírísà mi méjì sì ń jẹ epo bí ẹni ń jẹ gúgúrú tí kò bá síná. Tí iná bá wà náà, àdúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n pè ní Band A, 225 náírà ni wọ́n gbé yúnítì kan sí lóṣù kẹrin.

Títọ́sì kan tí mò ń gé sí mẹ́ta, márùn-ún ni mò ń gé e sí báyìí. Orí ẹja tí mo máa ń jù fún ológbò, mo ń tà á, wọ́n sì ń rà á. Àwọn tíṣà ni oníbàárà mi tó dára jù nígbà kan: wọ́n á gba ẹja lójú àwìn láàárín oṣù, lọ́jọ́ kìíní oṣù tuntun wọ́n á san án, ẹnì kan ò sì jẹ mí gbé rí. Mo ti dá àwìn dúró láti ọdún tó kọjá, torí owó tí mo bá gbà lópin oṣù ò lè ra iye ẹja tí mo tà fún wọn mọ́. Ọjọ́ tí mo dá a dúró, mo mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n máa lọ. Mi ò mọ̀ pé inú fóònù ni.

Míkrà_Ìwó_Road

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Tíṣà. Àwa onímọ́tò lẹ ń bú nílé, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka tèmi fún yín.

Lítà epo 15 ni Míkrà tí mo fi ń kérò ń mu lójúmọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó wà ní 190, 2,850 nìyẹn. Lónìí mo rà á 1,050, tí mo sì dúpẹ́ pé ìlà ò gùn: 15,750. 5,000 ni mò ń dá fún olówó ọkọ̀, bóyá mo rí èrò, bóyá mi ò rí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń gba tiwọn ní oríta wà lọ́tọ̀. Kí n tó rí kọ́bọ̀ tèmi, mo gbọ́dọ̀ ti pa bí 22,000. Èrò ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, ẹ wo títì láti Sángo dé Mọ́kọ́lá, bí ẹni ń lọ ìwọ́de ni: àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n gbé bàtà sínú báàgì.

Èmi náà wà lórí áàpù. Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Mo ti san tèmi tán, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́ pé “oníbàárà wa àtàtà, 50,000 ń dúró dè ọ́.” Ìyá tó bí mi kì í pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Ará_Houston

Mo ń ka èyí lórí àga níbi iṣẹ́, ara mi sì ń ṣe gìrìrì, torí ìtàn mi ni, dọ́là ló yàtọ̀.

Oṣù kẹfà 2022, gálọ́ọ̀nù epo kan kọjá dọ́là márùn-ún káàkiri Amẹ́ríkà. Gálọ́ọ̀nù kan ò tó lítà mẹ́rin. Houston kì í ṣe ìlú tí èèyàn lè rìn. Tí o ò bá ní mọ́tò, o ò níṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi kírẹ́díìtì káàdì ra epo, pé n ó san án lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn epo, mo fi ra oúnjẹ, torí owó oúnjẹ ti lọ síbi tí owó ilé wà. Màmá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé jẹnẹrétọ̀ ti kú: orí káàdì náà ni mo ti yọ ọ́. Báńkì àpapọ̀ ibí yìí ń gbé èlé sókè léraléra nígbà náà láti fi dẹ́kun ọ̀wọ́n, èlé káàdì sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lọ́dún 2023, gbèsè káàdì gbogbo Amẹ́ríkà kọjá tírílíọ̀nù dọ́là kan, ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ní, hẹn, mo dá síbẹ̀.

Tèmi jẹ́ 6,800 dọ́là, èlé 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n ní ohun tó kéré jù tí mo lè san lóṣù jẹ́ 204. Mo ń san án déédéé, mo rò pé ọmọ rere ni mí. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ ka ìwé náà, 136 nínú ẹ̀ èlé ni. 68 péré ló ń bọ́ sórí gbèsè.

Ẹ wá wo ti Tíṣà. 3,000 tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, 2,000 tí wọ́n fi lé e: 5,000 lórí 17,000. Ó lé ní 29 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá! CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé tirẹ̀ dé 27.25 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kẹsàn-án, gbogbo oníṣòwò ń ké. Ti CBN, ọdún kan gbáko ni. Káàdì tó fi mí sórí ìrora, àánú ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Òótọ́_Kòrò

Àwọn bàbá wa ti sọ orúkọ ẹ̀ tipẹ́: sógúndogójì. Fóònù ni wọn ò tíì ní.

MoTiṢeÈyíRí

Mi ò ní sọ ibi tí mo wà, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Lọ́dún 2021, iṣẹ́ mi n'Ìkẹjà ni kí n máa pe onígbèsè. Ẹ fi mí bú, mo ti fi ara mi bú.

Orúkọ ọgọ́rin ni wọ́n ń gbé lé wa lọ́wọ́ láàárọ̀. Gbèsè tó bá ti fi ọjọ́ kan kọjá, a óò pe ìyá onígbèsè, ọ̀gá rẹ̀, títí kan ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù pé “Aṣọ́bodè Ìjọ.” Lára owó tí a bá gbà padà ni wọ́n ti ń san tiwa, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń gbé àánú wọ ọ́fíìsì. Ìwé ìbànilórúkọjẹ́ yẹn, ó ti wà ní kíkọ sílẹ̀, orúkọ nìkan ni à ń pààrọ̀.

Tíṣà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀kan: àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń bójú tó àwọn áàpù wọ̀nyí. Àtọdún 2022 ni wọ́n ti ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, orúkọ àwọn tó gba ìwé àṣẹ sì wà lójú ewé wọn. Ẹ lọ wo mẹ́rin yín níbẹ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹ so fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín mọ́ ọn. Èyí tó wà níbẹ̀ náà, ẹ fẹjọ́ sùn. Ìwé àṣẹ kò ní kí wọ́n pe èèyàn ní olè. Èkejì: láti ìparí oṣù karùn-ún 2023, Google ò gbà kí áàpù ayánilówó tó wà ní Play Store wo orúkọ àwọn tó wà lórí fóònù yín tàbí fọ́tò yín mọ́. Tí ọ̀kan bá rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló fi líǹkì ránṣẹ́ tí ẹ fi gbé e wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe yá lọ́wọ́ kan san kejì mọ́, kódà kí wọ́n pe gómìnà. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé iye báyìí lẹ lè san lóṣù, lórí ojú owó. Àwọn kan máa gbà. Ẹni tó jókòó sídìí fóònù yẹn, owó èyíkéyìí tó bá wọlé lónìí dùn mọ́ ọn ju ẹ̀jẹ́ ọ̀la lọ.

Alájẹṣẹ́kù_Àgbà

Ẹ kú àsọyé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe fún ọ, Tíṣà ọmọ mi, Òṣómàáló ni. Oníṣòwò aṣọ máa wá láti Ìjẹ̀ṣà, ó máa ta aṣọ fún ọ lójú àwìn, lọ́jọ́ tó bá wá gbowó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ pé òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ìlọ́po méjì ohun tí o bá ti fi pamọ́ la máa ń yá ọ, èlé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé náà sì tún ń padà sọ́dọ̀ rẹ lópin ọdún. Ṣùgbọ́n n ò ní tan ọ́: o gbọ́dọ̀ ti dáwó fún oṣù mẹ́fà. Kò lè gbà ọ́ lónìí.

Ọmọ_Iléṣà

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi àwọn baba ńlá mi wé áàpù! Òṣómàáló gbé aṣọ wá. Aṣọ náà wà lára rẹ bó ṣe ń sin ọ́ lówó. Ó rin ìrìn àjò wá síbẹ̀, ojú rẹ ló ń wò, tí o bá sì sọ pé kòkó ò tíì dé, ó lè padà wá. Kò fi àwòrán rẹ han àna rẹ.

Alájẹṣẹ́kù_Àgbà

O ṣeun, ọmọ mi. Mo gba ìyẹn padà.

Ará_Kétu

Láti orílẹ̀-èdè Benin níbí. Ọjọ́ tí Tinubu sọ̀rọ̀ yẹn l'Ábújá, àwa la kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára. Epo *kpayo* tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀dọ̀ yín, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn mìíràn ká tábìlì wọn. *Zémidjan* mi, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi, náà ti ń rò ó kó tó gbé mi lọ sóko.

Míkrà_Ìwó_Road

Àǹtí Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Mo ń wa ọkọ̀, mo ń ṣírò. 48,000 ẹ gbà, 30,800 ẹ gbé fún àwa onímọ́tò. Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ fún àwa ni, kì í ṣe fún iléèwé yẹn! Ṣé kò síléèwé ní Mọ́nìyà ni? Tí wọ́n bá fún yín ní 35,000 níbi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, ó ju 17,200 lọ ní ìlọ́po méjì. Èrò kan ni mo ń pàdánù yìí o, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín.

Tíṣà_Mọ́nìyà

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ń ronú nípa owó oṣù tó pọ̀ jù, mi ò ronú nípa èyí tó ń ṣẹ́kù rí. Orí yín pé bí orí Alájọ Ṣómólú.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Kí o tó wáṣẹ́ kankan, sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ òní. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ látẹnu àwọn tó ń pe èèyàn yẹn. Kí ó jẹun tán ná.

Tíṣà_Mọ́nìyà (11 Oṣù Kọkànlá 2024)

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó wá ní òun náà jẹ oníṣẹ́ irin ní gbèsè 40,000, òun ò fẹ́ kí n gbọ́.

Òótọ́_Kòrò

Àǹtí, ẹ foríjì mí nípa ti aṣọ ẹbí. Ìyàwó mi ló ka ìjíròrò yìí, ó ní kí n wá tọrọ àforíjì, ó sì tọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja, mo júbà.

Tíṣà_Mọ́nìyà (8 Oṣù Kẹta 2025)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo padà wá jíṣẹ́.

A ta jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa 65,000, a fi pa áàpù méjì. Láti ìgbà náà, àtùpà oníbátìrì la fi ń jẹun alẹ́. Áàpù kan gba ojú owó lásán lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo kọ̀wé ẹ̀sùn. Ìkan ṣì kù, 26,000. Láti oṣù kìíní, mo ti wà níléèwé kan ní Mọ́nìyà níbí. 35,000 náà ni wọ́n ń san, Bọ̀dá Míkrà, bí ẹni pé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀! Ogún ìṣẹ́jú ni mò ń fẹsẹ̀ rìn. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́fà ló ń wá gba lẹ́sìnnì ní fàráńdà wa. Mo ti ń dáwó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, 2,000 lóṣù. Kò pọ̀.

Ilé ìfọpo Dangote tún dín owó epo tirẹ̀ kù níparí oṣù tó kọjá, ẹ ti gbọ́: 860 l'Ékòó, 870 lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ring Road lọ kó ìwé mi tó kù síléèwé àtijọ́. 700 náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní àlọ, kò yẹ̀. Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé epo ti já wálẹ̀. Ó ní òun náà gbọ́ ọ lórí rédíò.

Míkrà_Ìwó_Road

Kì í ṣe èmi o.